Aṣọ Pupa Tí Ẹ So Mọ́ Igi Létí Òkun

Mówe,
Ọjọ́ Ajé, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Bọ́láńlé,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn kí n tó kí ọ rárá, nítorí pé bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, o máa rò pé lẹ́tà bàbá tó ń béèrè bóyá ọmọ ti jẹun ni, o sì máa tì í sínú báàgì di ọjọ́ ìsinmi. Má tì í sínú báàgì. Jókòó sórí ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ kí o kà á tán, kí ọjọ́ Sátidé tí baálẹ̀ pè yín sí ìpàdé tó pé.

Nínú lẹ́tà rẹ tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ̀rín-tẹ̀rín lo fi kọ ọ́ pé ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ara yín láti máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ etí òkun ti rí ọgbọ́n kan dá. O ní àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín yẹn kì í kọ́ ìtẹ́, orí iyanrìn gbalasa ni wọ́n ń yé sí, ẹyin wọn sì jọ iyanrìn débi pé èèyàn á ti tẹ̀ ẹ́ fọ́ kó tó mọ̀ pé ẹyin ni. O ní ẹ gún igi yí ibẹ̀ ká, ẹ so àjákù aṣọ pupa mọ́ orí àwọn igi náà kí ojú lè tètè rí i, ẹ wá fi okùn so karawun ìgbín àti karawun inú òkun rọ̀ sí wọn lára, kí atẹ́gùn máa gbá wọn pọ̀, kí ajá abúlé máa sá. O ní ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ajá sá. Àwọn obìnrin tó máa ń sá ẹja síbẹ̀ náà ò wá mọ́. Àwọn apẹja ń wọ́ ọkọ̀ wọn gba ọ̀nà jíjìn. O kọ ọ́ pé, "Dádì, wọ́n ti wá gbọ́ wa yé." Ìsàlẹ̀ ìwé lo wá fi í sí pé baálẹ̀ ń pè yín lọ́jọ́ Sátidé, bóyá ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni.

Ọmọ mi, baálẹ̀ ò fẹ́ dúpẹ́.

Ìyá rẹ ló ń ka lẹ́tà náà sókè lọ́jọ́ tó dé, èmi ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà kan. Bó ṣe dé ibi karawun, ó gbé lẹ́tà náà lé itan.

"Bàbá Dèjì, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo kà?"

"Mo gbọ́."

"Igi. Aṣọ pupa. Karawun ìgbín."

"Mo ní mo gbọ́, Ìyá Dèjì."

"Ààlè lọmọ yín lọ pa sórí ilẹ̀ onílẹ̀!"

"Ó ti wá di ọmọ tèmi nìkan?"

"Ta ló fún un láṣọ pupa?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Òótọ́ ni, èmi ni mo di àjákù aṣọ náà sínú ọ̀rá fún ọ, èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí mo rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. O ní o nílò aṣọ tí ojú máa tètè rí, inú mi dùn pé o rántí ṣọ́ọ̀bù mi, n ò sì béèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe.

Bóyá o ò mọ ohun tí à ń pè ní ààlè. N ò dá ọ lẹ́bi. Níbí tí a ti tọ́ ọ, ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, á sì kọ́ géètì sí i. Ní abúlé tí wọ́n bí mi sí lẹ́yìn Ìfọ̀, kò sí ògiri, kò sí ọ̀dà. Bí bàbá mi bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán lọ́jọ́ kan, á gún ọ̀pá kan sójú ibẹ̀, á so àkísà pupa àti karawun ìgbín tó ti ṣófo mọ́ ọn, á sì gba ilé lọ. Kò sẹ́ni tó máa mú ẹyọ kan níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló mọ̀ pé ẹni tó ni ín ti gégùn-ún fún olè, pé bí inú karawun yẹn ṣe ṣófo ni kí ilé ẹni tó bá mú un ṣófo. Olè ni wọ́n ń pa ààlè dè, Bọ́láńlé. Ẹnìkan kì í pa á de ẹni tó ni nǹkan.

Wá wo obìnrin tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń sá ẹja sórí iyanrìn yẹn. Ó jí láàárọ̀, ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù, ó dé ibẹ̀, ó bá ààlè. Ẹ ò bá a sọ nǹkan kan, síbẹ̀ ẹ ti sọ fún un pé olè ni lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ẹ sì ti fi ilé rẹ̀ gégùn-ún. Ohun tí o rò pé ó jẹ́ ìgbọràn, ìbínú ni.

Kì í ṣe àròsọ ni mò ń sọ. Mùráínà, awakọ̀ tó ń kó ẹja gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ yín wá sí Ìbàfò, òun náà tó máa mú lẹ́tà yìí bọ̀, yà sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí. Mo bi í bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe wà. Ó pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà, Bàbá! Àwọn ọmọ ẹlẹ́yẹ yín yẹn! Wọ́n pààlè fún odindi abúlé! Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ olórí àwọn aláẹja sọ létí mi pé, 'Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnìkan ò pè mí lólè rí, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ yunifásítì dé.'"

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn?"

"Ṣe fún wọn kẹ̀? Ẹrù ni wọ́n fẹ́ bá wọn dì. Àwọn ọ̀dọ́ ti ní lọ́jọ́ ìpàdé yẹn ni wọ́n máa ní kí wọ́n wọkọ̀ máa lọ. Baálẹ̀ ló ní kí wọ́n ṣe sùúrù kóun gbọ́ tẹnu wọn ná."

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. O sọ fún wa pé ẹyin yẹn ti fẹ́ẹ̀ pa. Bí wọ́n bá lé yín lọ́jọ́ Sátidé, ajá á kó gbogbo rẹ̀ jẹ, gbogbo òòrùn tó ti pa ọ́ látìgbà tí o ti débẹ̀ á sì di asán. Dèjì ẹ̀gbọ́n rẹ wá láti Arépo, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ mú un wálé kí wọ́n tó dójú tì í." Mo ti dé fìlà tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé bí mo bá wá bẹ̀bẹ̀ fún ọ, wọ́n lè gbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ti padà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún lo máa jẹ́ níbẹ̀ títí o fi máa kúrò. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì bàjẹ́ kọjá ohun tí ìwọ fúnra rẹ lè tún ṣe. Mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Nítorí náà, ìmọ̀ràn ni mò ń fi ránṣẹ́.

Àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi, má dúró de ọjọ́ Sátidé. Lọ bá baálẹ̀ nílé rẹ̀ láàárọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn tó yí i ká, tí á fi di pé ó gbọ́dọ̀ bínú lójú wọn. Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi lọ o. O ò gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tí mò ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Ìfọ̀, òrùlé yàrá tí mo háyà bẹ̀rẹ̀ sí jò. Ẹnu ọ̀nà bàbá onílé kọjú sí tèmi, a jọ ń pọnmi nínú kànga kan náà ni. Ṣùgbọ́n mo ti kàwé, àbí? Mo jókòó, mo fi òyìnbó tó le kọ lẹ́tà sí i, mo sì tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé wà lágbàlá tí wọ́n ń jẹun, ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá kà á sókè.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òrùlé ń jò, Bàbá."

"Òrùlé ń jò ló ṣe lọ ra ẹ́ńfílọ́òpù? Ṣé mo ti kú ni? Ṣé ó bá ilẹ̀kùn mi ní títì?"

Akọ̀wé Òrùlé ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kó kúrò níbẹ̀. Òrùlé náà sì ń jò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Nítorí náà, bí ọ̀gá yín tó ní ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ bá ní kí ẹ mú un dání, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó wà nínú báàgì. Ìwé yẹn lè sọ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Kò lè sọ fún obìnrin yẹn pé kì í ṣe olè.

Ìkejì, kó o tó dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀ pàápàá, wá ìyá arúgbó yẹn lọ. Òun lẹ ṣẹ̀ jù. Bí baálẹ̀ bá gbọ́ pé o ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ti tán. Kí o sì kúnlẹ̀. Mo mọ̀ bí o ṣe máa ń kúnlẹ̀, bí ẹni tí owó ẹyọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti mú un tó sì ti dìde. Kúnlẹ̀ kí orúnkún rẹ méjèèjì kan iyanrìn, kí o má sì dìde títí á fi ní kí o dìde. Bó bá fẹ́ bú ọ, jẹ́ kó bú ọ tán. Bí mo ṣe mọ àwọn ìyá wọ̀nyí, bó bá bú ọ dáadáa, á fún ọ lẹ́ja jẹ lẹ́yìn náà. Jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Má sọ pé o ti yó.

Ìyẹn rán mi létí, ṣé ẹ̀ ń jẹun níbẹ̀? Dèjì ní bísíkíìtì lẹ fi ń gbé ọ̀sán. Ìyá rẹ di gàrí àti ata gígún fún Mùráínà, ó tún fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, èyí tí o ní o ò fẹ́ nígbà tí ò ń lọ. Ta á mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ lónìí. Má sì bá àwọn ọkùnrin wọnú òkun wẹ̀. Mo mọ̀ pé o mọ omi í wẹ̀. Adágún ilé ìtura lo ti kọ́ ọ, òkun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi. Ìkẹta ni ohun tí o máa sọ. O ò gbọ́dọ̀ sọ pé "aṣọ lásán ni." O ò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀yin ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàfò, màmá kan gbé aṣọ wá, aṣọ olówó iyebíye tí wọ́n ya ẹyẹ sí káàkiri. Mo gé ẹ̀yìn bùbá náà sódì. Ẹyẹ iwájú ń fò lọ sókè, ti ẹ̀yìn dorí kodò. Nígbà tó dé, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú, kò sẹ́ni tó máa rí i."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Èmi tí mo rí i yìí, kì í ṣe èèyàn ni mí?"

"Màmá, ẹ̀yìn ló wà."

"Ó dáa. Ìwọ wọ̀ ọ́ lọ sí sọ́ọ̀ṣì. Kí n máa jókòó lẹ́yìn rẹ kí n máa ka ẹyẹ tó ń já bọ́."

Gbogbo ọjà Ìbàfò ló gbọ́ ọ. Ká ní mo ti sọ pé, "Màmá, mo ba aṣọ yín jẹ́, ẹ jọ̀ọ́," bóyá ì bá ti tán síbẹ̀. Ohun tó dùn ún ju aṣọ lọ ni pé mo fẹ́ sọ fún un pé kò dùn ún. Nítorí náà, bí o bá kúnlẹ̀, sọ ọ́ báyìí: "Màmá, a pààlè sórí ilẹ̀ yín láìmọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. Ẹ kì í ṣe olè. Ẹ má bínú." Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu rẹ dé. Má tíì mẹ́nu ba ẹyẹ rárá. Mo mọ̀ pé á ṣòro fún ọ.

Nípa àwọn igi yẹn, ẹ má lọ fà wọ́n tu ní ìdákọ́ńkọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó pa ààlè ló ń tú u, ojú ẹni tó pa á dè ló sì dáa kó ti tú u. Ẹ bẹ àwọn ìyá náà kí wọ́n bá yín lọ sétí òkun ní ọ̀sán gangan, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tú u lọ́kọ̀ọ̀kan lójú wọn. Ẹ má jó aṣọ náà, ẹ má sọ ọ́ sómi. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún baálẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí i. Bó bá ní kí ẹ mú nǹkan wá kí wọ́n fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀, ẹ mú un wá, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù níbẹ̀. Ọlọ́run tó mọ̀ pé ẹ̀yin ò mọ ààlè tẹ́lẹ̀ náà á mọ ìdí tí ẹ fi mú un wá.

Ìgbà tí inú wọn bá rọ̀ ni kí o tó wá sọ̀rọ̀ ẹyẹ. Fi ẹyin kan hàn wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà ibi tí wọ́n fẹ́ máa gbà kọjá, ibi tí wọ́n fẹ́ sá ẹja sí títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi jáde, àti irú àmì tí àwọn máa fẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwọn ni kó yàn án. Àwọn ni kó gbé e kalẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn sàmì sí i, àwọn gan-an ni wọ́n á máa lé àwọn ọmọ wọn kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin á kàn máa bá ajá jà.

Ohun kan tún kù, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Bàbá Ṣẹ́gun tó ń gbé ọ̀kánkán wa dá mi dúró lánàá. "Télọ̀, òótọ́ ni pé ọmọ yín tó jáde yunifásítì ń ṣọ́ ẹyẹ láìgbowó?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ẹyẹ máa ń sá lọ ni?"

"Ó máa ń sá lọ."

"Kí ló ń sá fún?"

"Èmi àti ẹ̀yin ni."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. N ò ṣàwàdà. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yìí, àbàtà ni gbogbo ìsàlẹ̀ tí o mọ̀ yìí títí lọ sẹ́yìn Ìbàfò. Àwọn ẹyẹ olómi kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, máa ń bà síbẹ̀ ní òwúrọ̀, ìyá rẹ á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, á pè mí kí n wá wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni tírélà bẹ̀rẹ̀ sí da yanrìn síbẹ̀, ilé ń dìde, àwa náà ra díẹ̀ nínú rẹ̀, orí rẹ̀ ni yàrá tí o dàgbà sí wà. N ò mọ ọjọ́ tí àwọn ẹyẹ náà wá kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n lọ́jọ́ náà. Nígbà tí o wá sọ fún wa pé o fẹ́ lọ lo ọdún kan létí òkun láti máa wo ẹyẹ, tí ìyá rẹ ń sunkún pé iṣẹ́ ìjọba ńkọ́, èmi dákẹ́. O rò pé inú ló ń bí mi. Inú ò bí mi. Ó ń wù mí ni.

Nítorí náà, n ò fẹ́ kí wọ́n lé ọ níbẹ̀, n ò sì rò pé wọ́n máa lé ọ. Ẹni tó bá bínú, tó ṣì ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbọ́ tẹnu ọmọ, ó fẹ́ kí ọmọ náà rí nǹkan gidi sọ. Lọ sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì tún ní kí ẹ lọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọn dáadáa, kí o wálé. O ò ní bá ẹnìkan tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé yìí, mo ti kìlọ̀ fún Dèjì.

Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o tọ́jú ara rẹ. Èmi náà wá kí ọ báyìí, pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà?

Mùráínà á padà sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, kọ èsì kó o tó sùn lọ́jọ́ ìpàdé náà, kí o fi lé e lọ́wọ́, kó má di pé o gbàgbé. Ohun tí ìyá arúgbó yẹn fi dá ọ lóhùn ni kí o kọ́kọ́ kọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ti baálẹ̀ lè tẹ̀lé e.

Bàbá rẹ ni.